Ẹ Dá Bátànì Ilé Orí Òpó Padà Sórí Máàpù Zion Pepe

Ojúlé Ọmọ́yẹlé,
Ẹ̀bá Ilé Ìsìn,
Zion Pepe,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, 2009.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Olùtọ́jú Ọ̀nà Páìpù Etí Òkun,
Igbókòdá.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

MÁÀPÙ TÍ Ó SỌ ILÉ WA DI OMI LÁSÁN

Èmi ni ayàwòrán tí ìgbìmọ̀ yín gbà láti fi kọ̀ǹpútà ya máàpù agbègbè wa, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀nà páìpù epo yóò gbà. Ọmọ Zion Pepe ni mí. Ara mi kò balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ̀rọ tí yóò gbẹ́ odò fún páìpù náà ti gúnlẹ̀ sí Awoye nítòsí wa.

1. Bátànì ni a fi ń kún ojú àwòrán nínú kọ̀ǹpútà: ìlà kọ́lọkọ̀lọ dúró fún omi, àmì róbótó kéékèèké dúró fún iyanrìn. Kò sí èyí tí ó bá ilé wa mu, torí orí òpó láàárín omi ni a kọ́ ọ sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ti omi kún un, Rèbékà ìyá mi wo máàpù náà, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni gbogbo wa rì.

2. Mo wá fọwọ́ ara mi ṣe bátànì tuntun: òpó kéékèèké lórí ìlà omi, tí kọ̀ǹpútà ń tún yà léraléra títí ojú ibẹ̀ fi kún. Mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ máàpù.

3. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lájọ, ọ̀gá àwọn ayàwòrán yín, yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní kò sí lára àwọn tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, pé kí n mú ọ̀kan, yálà omi tàbí ilẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Omi ni wọ́n fi kún gbogbo rẹ̀. Inú bí mi, ó sì ń bí mi di ìsinsìnyí.

4. Ẹni tí ó fa ìlà páìpù rí omi lórí máàpù, ó sì fà á gba ibẹ̀ kọjá tààrà. Abẹ́ ilé ìyá mi ni ó gbà. Ilé orí òpó kì í sì í dúró níbi tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ dá bátànì náà padà, kí ẹ sì yí ìlà páìpù kí ẹ̀rọ tó gbéra. A ti bẹ ìyá mi kí wọ́n kó lọ sí ìlú Mahintedo ná, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè máa sá fún àwòrán.

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ kò bá lè yí i, ẹ fi ọkọ̀ ojú omi rán ẹnìkan wá, kí ó gun àkàsọ̀ ilé wa, kí ó jókòó ti ìyá mi, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,
Rhoda Ọmọ́yẹlé,
Ayàwòrán Máàpù.