Mo Ti Gbé Wọn Sójú Òpó Bí O Ṣe Wí

Akọ̀wé mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ títí, mo tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ṣì ń jẹ́ kí o jókòó, àbí ìdúró ni ẹ ń wà látàárọ̀? Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ wú, kí àpótí irin tó ń gbé yín lọ sókè níbi iṣẹ́ má gbàgbé ibi tó ń gbé yín lọ. Àmín. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, ara wa dá ṣáṣá. Ìyá rẹ kí ọ, àmọ́ ó ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé òun kò lọ́wọ́ sí ohunkóhun tí mo bá sọ nínú lẹ́tà yìí.

O rántí àwọn ohun ìjà bàbá mi. Idà méje, ọ̀kọ̀ mẹ́rin, asà kan, ọfà tí n kò tíì kà tán, àti ìbọn àtijọ́ kan tí kò sí ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde mọ́ àfi aáyán. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé jagunjagun ni bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ìwé ló ń pín kiri fún ilé ìfìwéránṣẹ́, adìyẹ tó ń sàba kò sì jẹ́ kó kọjá ní ọ̀pọ̀ ilé. Ó kàn fẹ́ràn irin àtijọ́ ni. Láti ìgbà tó ti kú, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ni wọ́n wà, ìyá rẹ sì fara dà á fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá ó nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti mú sálúbàtà rẹ̀, ọfà kan gún un ní àtàǹpàkò, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ránṣẹ́ sí Onírin, ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò tó ń ra irin àlòkù lọ yọ́, pé kó wá kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní bí ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe èmi bá fínnúfíndọ̀ wá wo àwọn irin yìí kí Onírin tó kó wọn, òun á jẹ́ kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, kí n má ṣe bá òun jà. Ìyẹn ni mo ṣe pè ọ́ lórí fóònù, ìwọ ọmọ yìí lo sì gbà mí là.

O ní kí n má mikàn. O ní kí n ya àwòrán wọn, kí n fi ránṣẹ́, pé wàá gbé wọn sójú òpó kí gbogbo ayé lè rí wọn, pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló ń tẹ̀lé ọ, àwọn tó bá sì fẹ́ràn rẹ̀ á tẹ ọkàn. Ọkàn mi balẹ̀, orin bọ́ sí mi lẹ́nu. Ìgbà tó yá ni mo wá rò ó pé ibi tí o wà yẹn, báwo ni wàá ṣe gbé idà sójú òpó ilé wa? Iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ. Òpó mẹ́rin ló wà níwájú ilé, ojú mi sì ń wò wọ́n lójoojúmọ́, èmi fúnra mi lè gbé wọn síbẹ̀.

Ní ti àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tó ń tẹ̀lé ọ, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá? Ṣé wọ́n ń tẹ̀lé ọ dé ẹnu ọ̀nà ni? Ìyá rẹ ní nítorí ẹwà rẹ ni, pé ìdílé tòun lo ti gbé e. Bó ti wù kó rí, máa gba ọ̀nà tí iná wà, bí o bá sì bojú wẹ̀yìn tí wọ́n ti pọ̀ jù, yà sí ṣọ́ọ̀bù kan kí o ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra ọṣẹ.

Àwòrán náà gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko, pẹ́ńsù méjì ni mo sì lò tán. Wọ́n wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Idà kò ṣòro, àmọ́ ìbọn gùn ju ìwé lọ, mo wá yà á parí sórí ìwé kejì; tò wọ́n pọ̀ kí ó má baà dà bíi pé ìbọn náà kán. Ewúrẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ asà kò sí lára ohun ìjà o. Òun ló wá dúró síbẹ̀ nígbà tí mo ń yà á, n kò sì fẹ́ parọ́ fún aráyé.

Lọ́jọ́ Ajé òjò kò jẹ́ ká jáde sí ìdí òpó, mo ní kí n kọ́kọ́ fi pálọ̀ dánra wò. Káfíńtà tó wà lójú pópó wá ràn mí lọ́wọ́, èyí tí à ń pè ní Ó-Ku-Díẹ̀ nítorí pé kò sí iṣẹ́ tó parí rí. A to ọ̀kọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáàárín ọ̀pá bẹ́ẹ̀dì kékeré tí o ń sùn sí nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, wọ́n dúró ṣánṣán. A kó ọfà sínú ike tí ìyá rẹ ń kó ṣíbí sí. A gbé asà kọ́ ara fáànù òkè àjà tó ti kú. Ó-Ku-Díẹ̀ ní fáànù náà kò kú, pé ó ku díẹ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, àṣé òótọ́ ló sọ. Asà náà yí lẹ́ẹ̀mẹta, ó jábọ́ lórí fáànù, ó fò gba ojú fèrèsé jáde lọ bá ewúrẹ́ níta.

Gbogbo gíláàsì fèrèsé náà ló fọ́, àwọn pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń jọ ṣí bí èèyàn bá fa ọwọ́ wọn. Gíláàsì méje. Mo fẹ́ máa sunkún ni mo rántí pé idà méje la ní! Mo ki idà kọ̀ọ̀kan bọ àyè gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó wọlé wẹ́rẹ́. Bí mo bá fa ọwọ́ fèrèsé, gbogbo idà á jọ gbórí, bí mo bá dá a padà, wọ́n á jọ dùbúlẹ̀. Mo ń fà á, mo ń dá a padà, Ó-Ku-Díẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀rín pa wá títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Ìyá rẹ ti ìdáná wọlé, kò mọ nǹkan kan, ó ní ooru mú òun, ó sì fa fèrèsé. Idà méje yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé, n kò mọ̀ pé ìyá rẹ ṣì lè fò tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀, ó ní Sátidé ti jìnnà jù, kí Onírin máa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́rú òjò dá. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo fi de idà mọ́ òpó kìíní láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọ̀kọ̀ wà lára òpó kejì, ọfà àti asà wà lára ìkẹta. Ìbọn ni mo gbé kọ́ háńgà kóòtù ìgbéyàwó mi, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ bí atẹ́gùn bá fẹ́, ó ń dójú sọ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ. Mo fi ọ̀dà pupa ya ọkàn kan sára òpó kẹrin kí ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà náà kò tètè gbẹ. Ìka ọ̀pọ̀ èèyàn ló pupa ládùúgbò wa báyìí.

Èrò wá lóòótọ́, àmọ́ ìyá rẹ kò gbà wọ́n wọlé sínú ìṣirò rẹ̀. Ó ní àwọn tó wá béèrè bóyá ogun ti bẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe olùwòran. Ó ní télọ̀ tó dúró pẹ́ jù lọ, ojú ọ̀nà ló ń wò, ó ń retí ọkọ̀. Ẹnì kan wá béèrè bóyá a lè yá òun ní idà kan láti fi gé ẹ̀ka igi. Bí ilẹ̀ Ẹtì ṣe mọ́ nìyẹn, tí n kò rí ẹnì kankan.

Onírin dé tòun ti ọmọlanke àti òṣùwọ̀n rẹ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì níwájú òpó. Ó ní kí n jọ̀ọ́ sún díẹ̀. Ó fẹ́ wo páálí pélébé tí bàbá mi so mọ́ ọrùn irin kọ̀ọ̀kan, tó kọ ibi tó ti rí i sí. Ó ka ti èkíní, ó ka ti èkejì, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ti ẹ̀kẹta, ó ṣí fìlà. Ó ní òun mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yìí. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, tí òun ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin lọ́nà jíjìn, oṣooṣù ni lẹ́tà ìyá òun máa ń dé, bẹ́ẹ̀ ìyá òun kò mọ̀wé, kò sì fìgbà kan sọ ẹni tó ń bá òun kọ ọ́. Ó di páálí náà mú, kò lè fi í sílẹ̀. Ó wá nu ojú, ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́la láìti ọmọlanke, pé òun fẹ́ wá kà wọ́n tán, bí ìyàwó mi bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó gbé àga jáde, ó gbé e sí ìdí òpó. Ó wá wò mí, ó ní ẹnì kan ti pé. Akọ̀wé, mo jó! Orúnkún mi kò tíì gbádùn títí di ìsinsìnyí.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, a nílò owó gíláàsì, torí ẹ̀fọn ti mọ̀ pé fèrèsé wa ṣófo. Má fi ránṣẹ́ lórí fóònù o. Mo ti yẹ fóònù mi wò yíká, kò sí ibi tí owó lè gbà jáde, ihò tí a ń ki wáyà bọ kò gba owó ẹyọ pàápàá. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá. Ó ti lé lọ́dún kan tí a rí ọ, gbogbo ayé ti rí wọn lójú òpó, ìwọ nìkan ló kù.

Olúwa á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àga ìdí òpó náà, a kò tíì gbé e wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ.