Ìkẹ́dùn Lórí Dáníẹ́lì Ulésanmí, Ẹni Tí A Sọ Nù Nínú Ìwé Wa

Ẹgbẹ́ Àwọn Atukọ̀ Òkun Ọmọ Èkìtì,
Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 1978.

Sí Màmá Jùmọ̀kẹ́ Ulésanmí, Arábìnrin Ṣìkẹ́ ọmọ wọn, àti gbogbo ẹbí Ulésanmí ní Ìgbẹ̀mọ-Èkìtì.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú tí a kò rí ibi fi pamọ́ sí, ni ẹgbẹ́ wa fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú ọkọ yín, bàbá yín àti ẹ̀gbọ́n yín, Dáníẹ́lì Ulésanmí, tí ó dágbére fáyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì tó kọjá, ní Ilé Ìdákọ̀ró, ilé àánú àwọn atukọ̀ ní èbúté Èkó. Àwọn aṣojú wa méjì ti wá jíṣẹ́ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó fún ohun tí a ṣe sí yín. Ó yẹ kí ó wà lákọsílẹ̀, kí ẹni tó ṣe é sì fọwọ́ sí i.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni olóògbé fi ṣiṣẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ ọkọ̀ òkun, níbi tí ooru ti ń bó ènìyàn lára. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ pé kì í jẹ́ kí ọmọ Èkìtì kankan sọ̀kalẹ̀ ní èbúté láì kọ lẹ́tà sílé. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, òun ló ń bá a kọ ọ́.

Ilé àánú méjì ló wà fún àwọn atukọ̀ ní èbúté náà nígbà ayé òyìnbó: Ilé Ìdákọ̀ró, tí àwọn oníṣòwò dá sílẹ̀, àti Ilé Ìtura, tí àwọn ìyá ìjọ dá sílẹ̀ fún àwọn atukọ̀ dúdú. Ní ọdún 1956, àwọn aláṣẹ ní ilé méjì ti pọ̀ jù, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, tí ó ń jẹ́ Ilé Ìdákọ̀ró. Nínú ìpàdé ìdàpọ̀ náà, olóògbé nìkan ni atukọ̀ dúdú tó dìde sọ̀rọ̀. Ó ní kí a má ṣe lé atukọ̀ tó bá ń ṣàìsàn kúrò lórí ibùsùn títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ó tún ní kí ìwé orúkọ tuntun ní àyè fún ìlú tí olúkúlùkù ti wá, bí ìwé Ilé Ìtura ti ní. Wọ́n gba ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní èkejì yóò gba àyè jù.

Èmi, akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí, ni akọ̀wé kékeré tí wọ́n ní kí ó da orúkọ ilé méjèèjì kọ sínú ìwé kan. Ọmọ Adó ni mí. Wọ́n ti fi èdè wa ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ tó ní ọ́fíìsì náà, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà gbọ́ Yorùbá ilé ìwé. Orúkọ ọmọ Èkìtì tí mo bá rí tó fi U bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ di I, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nílé ìwé, mo pe ìyẹn ní àtúnṣe. Báyìí ni Ulésanmí ṣe di Ilésanmí. Nígbà tí mo ṣe tán, ojú ewé U ṣófo, ó mọ́ tónítóní, inú mi sì dùn sí i.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu olóògbé lójú omi. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kú kí wọ́n tó gbé e dé Ilé Ìdákọ̀ró, kò sì lè sọ̀rọ̀ tàbí kọ̀wé mọ́. Òfin tí òun fúnra rẹ̀ bèèrè fún ló jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ lórí ibùsùn kan náà fún ogún ọdún. Wọ́n wo ìwé, wọ́n rí Ilésanmí, kò sí ìlú níwájú rẹ̀. Wọ́n rò pé Ìjẹ̀ṣà ni, nítorí irú orúkọ yẹn wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kọ lẹ́tà sí Iléṣà léraléra, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Màmá, ẹ wá ní ọdún 1958. Ẹ pọn Ṣìkẹ́, ẹ gbé àpò ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ kékeré kan lọ́wọ́, ẹ dúró níwájú tábìlì mi, ẹ ní, “Ulésanmí lorúkọ ọkọ mi.” Ẹ sọ ọ́ bí ìyá mi ìbá ti sọ ọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo yára ṣí ojú ewé U, mo ní kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí ẹ ṣáà tètè lọ ni mo ń fẹ́; n kò tilẹ̀ rántí ohun tí mo ti ṣe sí ìwé náà. Ọkọ yín wà lókè, lórí wa níbẹ̀. Ẹ dúpẹ́, ẹ fi ìrẹsì náà ta wá lọ́rẹ, ẹ sì lọ.

Wọ́n se ìrẹsì náà. Ìyá Kúdírát, tó ń bọ́ àwọn aláìsàn nígbà náà, ṣì wà láàyè. Ó ní lọ́jọ́ kan tí wọ́n se ìrẹsì, ọkùnrin tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu yìí di àwo mú, kò jẹ́ kí òun gbà á, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò rántí ọdún tó jẹ́. N kò lè sọ pé ọjọ́ tí ẹ wá ni, n kò sì lè sọ pé òun kọ́.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá àpótí rẹ̀ kàn nínú yàrá ẹrù àtijọ́, tí wọ́n bá ìwé Ilé Ìtura lábẹ́ rẹ̀: Ulésanmí, Ìgbẹ̀mọ-Èkìtì, ìyàwó Jùmọ̀kẹ́. Wọ́n fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní ṣé ẹnì kan náà ni. Mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, mo sì mọ̀.

Ogún ọdún lẹ fi wà láàárín abilékọ àti opó. Ẹ kò gbà kí wọ́n ṣú yín lópó, nítorí pé ẹ kò rí òkú. A gbọ́ pé ọdọọdún lẹ ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín fún àdúrà àwọn tó wà lójú omi. Kò sí lójú omi. Ṣìkẹ́ dàgbà láì mọ ojú bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrìn ọjọ́ kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì. A kò mọ ohun tí a lè fi dí ogún ọdún, a kò sì ní ṣe bí ẹni pé ó wà.

Ẹgbẹ́ yóò gbé òkú rẹ̀ wá sí Ìgbẹ̀mọ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Adémọ́lá, ni yóò ṣáájú, gbogbo ètò ìsìnkú sì wà lọ́rùn wa. Ulésanmí la kọ sára pósí. Mo lọ sí Èkó fúnra mi, wọ́n sì gbà mí láàyè láti kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé U. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹbí àwọn mẹ́tàlá yòókù tí mo yí orúkọ wọn padà. Mo ti fi ipò akọ̀wé sílẹ̀. Ìwé yìí ni mo fọwọ́ sí kẹ́yìn. Bí ẹ kò bá fẹ́ rí mi níbi ìsìnkú, n kò ní dé ibẹ̀.

Àwọn aṣojú wa ní ẹ kò sunkún nígbà tí wọ́n jíṣẹ́, Màmá. Wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi wọ́n: “Ṣé ó gbọ́ ohùn mi lókè ulé?” Wọ́n gbé e wá fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé etí rẹ̀ kò kú, pé ó ń gbọ́rọ̀ títí tó fi kú, àti pé pákó tí ohùn ń là kọjá ni wọ́n fi tẹ́ òkè ilé náà. N kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run, tí ó mọ olúkúlùkù ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ pè é, tu Màmá nínú, kí ó di Ṣìkẹ́ mú, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín tún lọ bèèrè ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ irú wa. Ìbéèrè yín yẹn, Màmá, kí Òun fúnra rẹ̀ dá yín lóhùn. Àmín.

D. A. Akínbọ́lá,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.