Nítorí Rúùtù Tó Kù Nísàlẹ̀

Adúmáadán mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ara wa le. Bàbá rẹ ní ẹsẹ̀ tó ń dun òun ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé pé o fẹ́ fi ilé ìwé olùkọ́ sílẹ̀ nítorí ìṣirò, kò jáde nílé mọ́.

Mo mú bébà ìṣirò tí o fi sínú lẹ́tà lọ bá tíṣà àgbà tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, mo ní kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ mi. Ó ní o kọ oókan sókè, o kọ rúùtù eéjì sísàlẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó ń di eéjì, wọn kì í sì í fi rúùtù sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ó fi rúùtù eéjì sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀, rúùtù bá bọ́ sókè, eéjì lásán ló kù nísàlẹ̀. Mo ní ṣé èyí wá ju tìrẹ lọ ni, ó ní rárá, ọgbọọgba ni wọ́n. Ọgbọọgba, wọ́n sì fi bírò pupa fagi lé iṣẹ́ ọmọ mi! Inú bí mi débi pé n kò mu omi tó gbé fún mi.

Ó ṣáà ní tí a bá ti fi iye kan náà sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀, kò ní yí padà. Èmi náà dán an wò. Mo fi eéjì sọ ìwọ̀n búláòsì tí ìyàwó bíríkìlà gbé wá fún mi láti rán di púpọ̀, mo fi eéjì sọ ti síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà. Adúmáadán, ó yí padà o. Obìnrin náà wọ̀ ọ́ tán, a ń wá a nínú aṣọ. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní nọ́ńbà lòun ń sọ, kì í ṣe aṣọ.

Ó wá ní ohun tí o kọ kì í ṣe irọ́, o kàn ò tíì parí rẹ̀ ni. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún. Tí aṣọ bá bá ara mu, tí n kò tíì ṣẹ́tí rẹ̀, ṣé mo máa ń jù ú nù ni? Ńṣe ni mo máa ń jókòó tì í títí màá fi parí rẹ̀. Ọmọ mi, o ò ya òmùgọ̀. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an, tí mo bá ní n kò fẹ́ rí ọ, irọ́ ni mo pa.

Mo ní láti ra aṣọ mìíràn dípò ti ìyàwó bíríkìlà tí mo bà jẹ́. Owó ọkọ̀ tí o ní o ti tọ́jú láti fi máa bọ̀ wálé, òun gan-an ni mo ń tọrọ. Gbogbo rẹ̀ ni kí o fi ránṣẹ́, má ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù sọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí o bá parí, èmi àti bàbá rẹ la máa wá mú ọ wálé.

Orí rẹ yóò gbà á, ọwọ́ rẹ yóò tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń wo ojú ọ̀nà lójoojúmọ́, tó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun má tíì rí ọ níbẹ̀.