Owó Ìgbọ́kọ̀sí ní Ẹsẹ̀ Òkè

Àzíìzì, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Libreville. Orúnkún Ìyá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń rìn dé mọ́ṣáláṣí. A ti ta àgbàdo ní ọjà Tchamba.

Ìyá ní Sàídù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni yóò mú ọ gun òkè nígbà Iléyá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú igbó ni mo la ọ̀nà òkè náà, tí mo fi ọ̀dà sàmì sí àwọn igi. Sàídù kàn ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí fún ilé mérì, ìjọba ìlú wa, ní ìsàlẹ̀ ni, síbẹ̀ àwọn àlejò ń pè é ní Onílẹ̀.

Kó lè yé ọ: ilẹ̀ gbogbo wa ni, ẹnikẹ́ni kì í sanwó ilẹ̀. Owó ìgbọ́kọ̀sí la fi ń tún ọ̀nà ṣe bí àgbàrá bá wọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kí Sàídù ní èdè wa ti di ọmọ ilé nìyẹn, kò ní gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo na owó sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ ti di àlejò? Ẹ gbé alùpùpù yín síbẹ̀ jàre!"

Gbogbo ènìyàn ń yìn ín. Ọ̀nà mi sì ń wó.

Bá mi mú oògùn orúnkún Ìyá bọ̀. Kí Ọlọ́run mú ọ dé láyọ̀. Bó o bá dé, san owó ìgbọ́kọ̀sí rẹ fún Sàídù, kí èmi àti ìwọ sì jọ gun òkè. Mo fẹ́ kó máa wò wá láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mìsìtúrà