Ike Omi Tuntun, Kọ́kọ́rọ́ Àtijọ́

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ̀wé.

Ilé iṣẹ́ aránṣọ ni mo wà. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀gá gbé ètò ìlera òṣìṣẹ́ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì pín ike omi fún wa, ó ní ká máa mumi dáadáa. Wọ́n ya fọ́tò wa.

Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣì wà lọ́rùn alábòójútó. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń ṣílẹ̀kùn lójúmọ́! Ṣé inú wa ni kómi máa gbé ni? Ìyá Bọ́tìnnì, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, tó ń jókòó tì mí, mú ìtọ̀ mọ́ra títí wọ́n fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, aṣọ tí kò ní bọ́tìnnì ti di òkìtì, àwọn oníbàárà ń pariwo. Ta ló wá jèrè?

Lánàá, ọ̀gá bi mí pé kí ló dé tí n kò fi bu omi sínú ike mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gba ike yín, ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́." Ni wọ́n bá ní aláfojúdi ni mí, wọ́n já bébà fún mi pé kí n fi tọrọ àforíjì.

Bébà ọ̀hún ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló yẹ kó bẹ ta?