Ilé Tí Àwo Idẹ Kọ́

Èmi, Sodiqat Àmọ̀kẹ́ Ọládépò, opó, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí mo ń gbé ní ojú ọ̀nà Kúta ní ìlú Ìwó, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Orúnkún ni ó ń dùn mí. Orí mi pé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé mo ti ń ṣarán, kí agbẹjọ́rò bi í ní ìgbà tí ó bẹ̀ mí wò kẹ́yìn.

Kareemah, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, àti Alfa Abdulqowiyy, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú, ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ.

1. Irin ọnà mi mẹ́tàdínlógójì, òòlù méjì, àti abọ́ ọ̀dà tí àwo máa ń jókòó lé kí ó má baà ta nígbà tí mo bá ń lù ú: mo ti fi wọ́n lé Kareemah lọ́wọ́ láti oṣù tó kọjá. Báńkì ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, kò ní lò wọ́n. Kò sì gbọdọ̀ tà wọ́n.

Kí àwọn ọmọ ọmọ mi mọ ohun tí mo ṣe láyé. Ẹni tí ó ń fín igbá ń fi ọ̀bẹ gé ara igbá dànù. Èmi kò gé nǹkan kan. Mo ń gbé irin ọnà lé ojú idẹ, mo ń fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀, idẹ ń sún títí ewé tàbí ẹyẹ yóò fi yọ. Olùkọ́ yunifásítì kan tí ó ra àwo lọ́wọ́ mi ní “lílé” ni àwọn Òyìnbó ń pe iṣẹ́ náà ní èdè wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti lé èmi náà rí, mi ò lọ.

2. Ilé oníyàrá mẹ́fà tí mo ń gbé. Nígbà tí mo ra ilẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó tà á kọ̀ láti kọ orúkọ obìnrin sínú ìwé. Ti Mùrí, ọkọ mi, ni ó kọ. Mùrí kò fi ìgbà kan sọ pé òun ló ni ín. Nígbà tí ó kú, lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, Abdulsobur àbúrò rẹ̀ kó irinṣẹ́ mi síta. Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ni, kí n padà sí ilé bàbá mi ní Ilé-Ogbó. Mo jókòó lé àpótí irinṣẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò sunkún, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn àgbà ẹbí pe Ràfíátù, orogún mi, kí ó wá sọ ohun tí ó mọ̀. Ọdún tí oyún mi kejì bàjẹ́ ni Mùrí gbé e wọlé, mo sì fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà fún ọdún mọ́kànlá. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ọmọkùnrin méjì ni ó bí. Bí ilé bá jẹ́ ti Mùrí, àwọn ni yóò jogún jù níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, àwo idẹ ni ìyálé mi lù tà tí wọ́n fi ra ilẹ̀ yìí. Mo kórìíra wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rí wọn tí wọ́n ń lu àwo náà.”

Àwọn àgbà dá ilé padà fún mi. Láti ọjọ́ náà Abdulsobur kò kí Ràfíátù mọ́.

Nítorí náà, yàrá méjì iwájú di ti Ràfíátù, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Alfa ní ìdá kan nínú mẹ́ta ni Mùsùlùmí lè fún ẹni tí kì í ṣe ajogún rẹ̀. Yàrá méjì nínú mẹ́fà nìyẹn. Mo mọ ìṣirò. Kí wọ́n pín ìyókù bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀.

3. Ewúrẹ́ mi mẹ́ta, kí wọ́n pa wọ́n fún àdúà ọjọ́ kẹjọ mi. Kí wọ́n pe Abdulsobur, kí ó jẹun yó. Mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í ṣe yàrá.

4. Agbẹjọ́rò ní Ràfíátù kò lè ṣe ẹlẹ́rìí nítorí pé ó ń gba nǹkan nínú ìwé yìí. Ó wà níta báyìí, ó ń kùn pé kí ni mo ń fi pamọ́ fún òun. Tí mo bá ti fọwọ́ sí i tán, èmi fúnra mi ni n ó kà á sí i létí. Mi ò ní jẹ́ kí ó di ìgbà tí mo bá kú kí ó tó mọ̀ pé mo gbọ́ ohun tí ó sọ níwájú àwọn àgbà lọ́jọ́ náà.

Ọwọ́ mi nìyí, ní Ìwó, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2024:
Sodiqat Àmọ̀kẹ́ Ọládépò

Àwọn tí ó rí i bí mo ṣe fọwọ́ sí i:
Ayọ̀nitèmi Adédìpẹ̀, akọ̀wé agbẹjọ́rò
Ismaeel Abdullateef, aládùúgbò