Ohùn Yín ní Gbọ̀ngàn Ifákọ̀

Mọ́mì mi, ẹni tí mi ò lè fi fóònù pè mọ́,

Inú ń bí mi. Mo mọ̀ pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báyìí, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè bí ibẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan kan ti há mi lọ́fun, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀, tí mi ò bá sì sọ ọ́ fún yín, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Bùrọ̀dá mi ní kí n gbàgbé ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ọmọ yín. Ilé lè máa jó, òun á ní ká fọkàn balẹ̀.

Mo ṣì ń ta fáyólìn mi, èyí tí ẹ̀ ń pè ní gòjé. Mo sọ títí pé kì í ṣe gòjé, ẹ ní gòjé ni, pé Háúsá tó ń ta tiẹ̀ nídìí tírélà ní Mile 12 tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ. Ó dáa. Mi ò ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan mọ́. Mo ti wà nínú ọ́kẹ́sítírà báyìí, àwa bí ogójì, onífáyólìn, onífèrè, onílù. Fáyólìn kejì ni wọ́n fi mí sí, àwọn tó máa ń jókòó sẹ́yìn tẹ́nikẹ́ni kì í wò. Ìkòsì náà ni mo ṣì ti ń ṣe tíṣà. Ilé wa náà la ṣì wà, òrùlé tẹ́ ẹ torí ẹ̀ bá lándílọ́ọ̀dù jà ṣì ń jò.

A ní kọ́ńsáàtì kan ní Ifákọ̀. Orin mẹ́ta la fẹ́ ta. Méjì jẹ́ ti àwọn òyìnbó tó ti kú láti ayé àwọn baba ńlá wa. Ẹ̀kẹta, tuntun ni. Ọmọ Ifákọ̀ níbẹ̀ ló kọ ọ́, Bọ̀dé lorúkọ ẹ̀, ó lọ kàwé orin lókè òkun, ó sì ti padà dé. Orin nípa ọjà Mile 12 ni, níbi tẹ́ ẹ ti ń ta tòmátò. Kí n má parọ́, inú mi dùn gan-an. Mo ń yan kiri Ketu pé wọ́n ti fi ọjà wa ṣe orin ńlá.

Apá ibì kan wà nínú orin náà tó le fún àwa fáyólìn kejì. A ó fi ọ̀pá gún okùn léraléra, kíákíá, a ó dúró lójijì bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ nínú yàrá, títí aládùúgbò fi ń gbá ògiri mọ́ mi. Bọ̀dé ní ohùn kan wà tóun gbà sílẹ̀ lọ́jà, pé sípíkà ló máa gbé e jáde, àwa á sì máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ohùn yìí rí nígbà rìhásà. Ẹni tó ni sípíkà sọ pé ọjọ́ kọ́ńsáàtì gan-an lòun máa wá. Ọwọ́ ni Bọ̀dé fi ń júwe ẹ̀ fún wa.

Agogo mẹ́rin ọ̀sán Sọ́ńdè la bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. A ta ti àwọn òyìnbó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá kan ti Mile 12. Fèrè tírélà dún nínú sípíkà, a gbọ́ ariwo àwọn alábàárù tó ń ní káyé yà fáwọn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ yín.

Kí… kí… kí… kí…

Mọ́mì, ẹ̀yin ni! Ta ló fẹ́ tàn mí jẹ lórí kólòlò ìyá mi? Bí ara yín bá balẹ̀, ọ̀rọ̀ yín á máa dùn ún gbọ́, kò ní há rárá. Àfi tínú bá bí yín. Ẹ̀ẹ́ wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá itan, pá, pá, kí ọ̀rọ̀ lè jáde. Mo gbọ́ ìyẹn náà nínú sípíkà, onílù sì ń dá a lóhùn. Olùdarí orin ti nawọ́ sí wa, ọwọ́ mi sì ti mọ iṣẹ́ ẹ̀. Mo gún okùn léraléra, mo dúró lójijì, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Kólòlò yín ni wọ́n kọ sínú ìwé orin fún mi. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sín ìyá tó bí mi jẹ, mi ò sì mọ̀.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, Mọ́mì. Gbogbo gbọ̀ngàn. Ẹ ní kí, kí, kí, àwa náà fi fáyólìn ní kí, kí, kí, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyá kan jókòó níwájú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu omijé. Ó ṣe mí bíi kí n ju fáyólìn náà lù ú. Ṣé mo wá dìde? Mi ò dìde. Mo ta á dópin, mo sì bá wọn tẹrí ba fún àtẹ́wọ́. Ẹ ṣépè fún mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi.

Mo ká Bọ̀dé mọ́ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Mo bi í pé ta ló yọ̀ǹda fún un. Ó ní ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, òun ń rìn kiri ọjà tòun ti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, òun wá gbọ́ ìyá kan tó ń bá àwọn onítírélà tòmátò jà. Kò mọ orúkọ ẹ̀. Kò béèrè. Ó ní ohùn náà ló wu òun, pé ẹ̀rín àwọn èèyàn dun òun náà. Hẹn. Ó dùn ún! Mo ní ìyá mi nìyẹn, ó sì ti kú. Tòun ti kóòtù ọrùn ẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ la máa tún un ta, pé òun á ti yọ ohùn náà kúrò kó tó dìgbà yẹn. Mo ní kó yọ ọ́, kó yọ ọ́ kíá.

Àfi ìgbà tí mo délé tí ọkàn mi dàrú. Fóònù yín bọ́ sínú gọ́tà lọ́sẹ̀ tá a ń sáré òkú yín, ẹ rí i pé a ò ní ohùn yín níbì kankan. Fọ́tò wà, aṣọ wà, ohùn ò sí. Tó bá yọ ọ́, níbo ni mo ti fẹ́ gbọ́ yín mọ́? Ṣé kí wọ́n máa fi yín rẹ́rìn-ín ni, àbí kẹ́ ẹ dákẹ́ pátápátá? Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi.

Ní Wẹ́sìdé, bí a ṣe jáde nílé-ìwé, mo forí lé ilé Bọ̀dé. Mo ní kó gbé odidi ohùn náà kí n gbọ́. Ó gbé e, déètì sì wà lára ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni, Mọ́mì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ ọjà kẹ́yìn. Tírélà tó bàjẹ́ sọ́nà wá dé, tòmátò ti di omi nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn onítírélà ní kí ẹ máa pò ó mọ́ èyí tó dáa, kí ẹ tà á bẹ́ẹ̀ fáwọn oníbàárà. Ẹ ní kí, kí, kí, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ gbá itan yín, pá. Ọ̀rọ̀ wá jáde: Kí lẹ fi mí pè? Bó ṣe jáde tán, ìyókù tẹ̀ lé e bí omi ẹ̀rọ. Ẹ ní èèyàn lẹ̀ ń tà á fún, pé ọmọ wà nílé wọn tó fẹ́ jẹ ẹ́, pé kí wọ́n gbé ìdọ̀tí wọn kúrò níwájú yín.

Ẹ ò rí nǹkan! Nínú orin, Bọ̀dé gé e síbi kí, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ó ní ìró lòun ń wá. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹ̀yin pè é lọ́jọ́ náà, ketekete lẹ pè é, ọmọ ọlọ́mọ wá gé e sọ nù. Mo bú u. Mo bú u dé ìdílé.

Ẹnu èébú náà ni mo wà tí mo fi jókòó. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ wọlé, èmi ń wọ bàtà, mo fẹ́ lọ rìhásà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kí… kí… Mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe láti kékeré. Mo bá yín parí ẹ̀. Mo ní tòmátò tún ti bàjẹ́, àbí? Ẹ pẹ̀lẹ́, mo ti gbọ́, ẹ jẹ́ n dé ná. Mo gbé fáyólìn, mo jáde. Nígbà tí mo fi máa dé, àwọn ará ilé ló gbá yín mú, ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé yín ṣubú, ẹnu yín ti wọ́ sápá kan. Ẹ ò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi sin yín.

Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni, Mọ́mì. Ṣé ó máa ń dùn yín? Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí. Bóyá ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, tí mo bá yín parí ìyẹn náà.

Mo wá sọ fún Bọ̀dé pé kó má yọ ọ́ mọ́. Kó fi sílẹ̀ látòkè délẹ̀, kó kọ orúkọ yín sínú ìwé ètò, kí gbogbo wa sì gbé ọ̀pá fáyólìn sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní orin òun á dàrú. Mo ní kó dàrú. Ó họ orí títí, ó gbà.

Sọ́ńdè àná la tún un ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín bíi ti tẹ́lẹ̀. Olùdarí sọ ọwọ́ kalẹ̀, a gbé ọ̀pá lé itan, kò wá sí orin tó máa bo ẹ̀rín wọn mọ́. Kí… kí… Ó pẹ́, Mọ́mì. Ẹnu mi ti là, mo ti fẹ́ bá yín sọ ọ́. Mo fi eyín di ètè mi mú, mo dúró. Ẹ gbá itan, ẹ sì bi gbogbo wọn léèrè pé kí ni wọ́n fi yín pè. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà ò dá sí i, mo jókòó síbẹ̀ títí ẹ fi sọ ọ́ tán fúnra yín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí inú ṣì ń bí, tó fẹ́ràn yín jù.